Lúrú Ni Kuka: Bí Ìkòkò Ọbẹ̀ Wa Ṣe Dé Kaduna, àti Ohun Tó Yẹ Ká Tún Máa Sè

  

A ti sọ ìtàn rélùwéè, a ti sọ ti àwọn òpópónà. Ìbéèrè tí àwọn ìyá wa ń bi wá jù lọ báyìí kò jẹ mọ́ òpópónà rárá. Wọ́n ní: kí la fẹ́ máa jẹ? Dókítà ti sọ fún Bàbá pé súgà rẹ̀ ti lọ sókè, kó dín èlùbọ́ àti ẹ̀bà kù. Wọ́n ti sọ fún Ìyá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó sá fún iyọ̀. Àwọn ọmọ inú ilé kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju búrẹ́dì àti Indomie lọ. Nígbà tí a bá wá ní kí wọ́n ro túwó ọkà bàbà, kí wọ́n fi kuka jẹ ẹ́, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Oúnjẹ Hausa kẹ̀! Ṣé torí pé a wà nílẹ̀ wọn la ó ṣe wá sọ túwó di oúnjẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fa ìtàn tòní. Àwa ò gbà pé oúnjẹ Hausa nìkan ni. Ti Hausa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiwa náà ni. Àwọn ìyá ìyá wa mọ̀ ọ́n sè kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwa tí a bí síbí la gbàgbé, tí a wá ń pè é lórúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kí ni kuka? Ewé igi oṣè ni, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n gún tàbí lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì jọ̀. Ẹni tó bá ti jẹun rí ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òkè-Ògùn mọ ewé yìí dáadáa, lúrú ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Igi kan náà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan náà, tó ń yọ̀ bí ilá nínú abọ́. Ẹ lọ wo yakuwa tí àwọn aládùúgbò wa fi ń se ọbẹ̀ tó ń kan díẹ̀. Ìṣápá ni. Ìṣápá funfun la fi ń se ẹ̀gúsí nílé, ìṣápá pupa ni gbogbo Nàìjíríà ń mu lónìí tí wọ́n ń pè ní zobo. Daddawa, irú ni. Gero, jéró ni. Tsamiya, àjàgbọn ni. Aya tí wọ́n fi ń ṣe kunu dídùn, ọ̀fíò ni. Ridi, yànmọ̀tí ni. Kubewa gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, kí ni ẹ rò pé ó jẹ́ bí kò ṣe ọrúnlá?

Ọ̀rọ̀ náà sì lọ sọ́tùn-ún sósì. Àlùbọ́sà tí a ń gé sínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́, láti èdè Lárúbáwá ló ti wọ inú Hausa, láti ọwọ́ Hausa ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Tàtàṣé náà, Hausa la ti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí tiwa, àwọn náà ń pè é ní agushi títí di òní. Àwọn ìlú méjèèjì yìí ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ti ń tọ́ ọbẹ̀ ara wọn wò.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, ọkà. Ní Ìbàdàn, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ jẹ ọkà, àmàlà ló ń sọ. Síbẹ̀, ọkà bàbà kì í ṣe iṣu. Kí ló wá so ìyẹ̀fun iṣu pọ̀ mọ́ ọkà tó ń so lóko? Èrò tiwa ni pé orógùn kan náà ló rò wọ́n. Àwọn tó ń fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà ro oúnjẹ ni wọ́n wá fi ìyẹ̀fun èlùbọ́ rò ó, orúkọ kò sì yí padà. Èrò tiwa nìyẹn o, ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ kó mú un wá. Ohun tó dájú ni pé ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni ọkà bàbà àti jéró ti bẹ̀rẹ̀, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àgbàdo ní tirẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tòmátì àti ata pàápàá, àlejò ni wọ́n. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ẹ̀bà ni oúnjẹ àbáláyé, túwó sì ni ti àjèjì, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Báwo la wá ṣe dé ibi tí a ti ń sá fún un? Kaduna kì í ṣe ìlú àtijọ́ bíi Zaria tàbí Kano. Lugard ló yan ẹ̀bá odò náà, ní nǹkan bí 1913, pé ibẹ̀ ni olú ìlú Àríwá yóò wà. Ní 1917 ni ìjọba kó kúrò ní Zungeru wá síbẹ̀. Àwọn àgbà Hausa ní láti ara kada, ìyẹn ọ̀nì, ni orúkọ odò náà ti jáde. Doka tiwa ńkọ́? Lédè Hausa, igi kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, igi inú ọ̀dàn tí àwọn onímọ̀ ewéko náà fi orúkọ Hausa rẹ̀ pè, Isoberlinia doka. Ọ̀rọ̀ kan náà sì tún túmọ̀ sí òfin. Ẹ yan èyí tó bá wù yín níbẹ̀, a kò fẹ́ ìjà.

Ojú irin láti Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jebba ní 1909, nígbà tó sì fi máa di 1912 ẹni tó bá wọkọ̀ ní Èkó lè dé Kano. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ojú irin tó ti Port Harcourt wá tún pàdé èyí ní Kaduna, ni wọ́n bá ń pe ibẹ̀ ní Kaduna Junction. Akọ̀wé, bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, oníṣòwò aṣọ, gbogbo wọn tọ ọ̀nà yẹn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú. Òpópónà Ìbàdàn àti Òpópónà Èkó tó wà nígboro Kaduna ń jẹ́rìí sí i.

Àwọn ọkùnrin ni ìwé ìtàn ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ta ló bọ́ wọn? Iṣẹ́ ìyá olóúnjẹ wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin wa ṣe ní ìlú yìí. Àkàrà àti ẹ̀kọ ní àárọ̀, ẹ̀wà àti ìrẹsì lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́. Ohun tí wọ́n kó wá láti ilé kò pọ̀: èlùbọ́, nítorí pé kì í tètè bàjẹ́, gàrí, irú, ẹ̀gúsí. Epo pupa ni ìṣòro. Ọ̀pẹ kò fẹ́ràn ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́fà tàbí méje lọ, nítorí náà epo pupa gbọ́dọ̀ wọkọ̀ wá ni, owó rẹ̀ sì le. Ẹ̀fọ́ tútù náà, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó di wíwá. Kí ni ìyá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá yóò ṣe? Ó wo iwájú ọjà, ó rí obìnrin Hausa tó tẹ́ kuka sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ra á, ó se é, ó fi irú tirẹ̀ sí i. Kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ àjèjì. Ẹ̀ẹ̀rùn ilé rẹ̀ náà ló ń rántí.

Ìtìjú náà dé nígbà tí owó dé. Ní 1957, ilé iṣẹ́ aṣọ KTL bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjọba Àríwá àti ilé iṣẹ́ David Whitehead láti Lancashire ní Ìlú Ọba ló jọ dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Arewa Textiles àti UNTL dé, Kakuri sì kún fún ènìyàn. Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kaduna láàárín àwọn ọdún 1970. Òṣìṣẹ́ tó bá jáde lẹ́nu iṣẹ́ òru, owó wà lápò rẹ̀, ó fẹ́ jẹ ohun tó dà bí ìgbádùn: ìrẹsì funfun, ẹran dídín, ọbẹ̀ tòmátì tí epo léfòó lórí rẹ̀. Túwó àti kuka wá di oúnjẹ ẹni tí kò rí já jẹ. Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan o, àwọn ọmọ Hausa ìgboro náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, túwó ìrẹsì funfun ni wọ́n ń fi ṣe àlejò. Àsìkò yẹn náà ni magí wọ ilé ìdáná gbogbo, tí irú sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tó ń rùn.

Nígbà tó yá, owó náà lọ. KTL tì ní 2002, UNTL dáwọ́ dúró ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Amẹ́ríkà, Elisha Renne, kọ odindi ìwé lórí ikú àwọn òṣìṣẹ́ KTL àti ìgbésí ayé àwọn opó wọn. Ẹni tó bá mọ Kakuri láyé ọjọ́un mọ ohun tí títì náà ṣe fún àwọn ìyá olóúnjẹ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Àṣà oúnjẹ owó náà dúró sí ara wa, owó rẹ̀ ni kò sí mọ́. A wá ń fi owó kékeré ra èyí tó rọrùn jù: búrẹ́dì, núdùsì, gàrí, ọbẹ̀ tí magí mẹ́rin wà nínú rẹ̀ dípò ẹran.

Kí a má gbàgbé ọdún 2000. Láti oṣù Kejì ọdún yẹn tí ìjà Sharia ti bẹ́, ìlú pín sí méjì, odò sì wà láàárín. Àwa Yorùbá ní mùsùlùmí, a ní kìrìsìtẹ́nì, nínú ilé kan náà nígbà mìíràn, nítorí náà pípín yẹn dùn wá lọ́nà tí kò dun ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ta àmàlà níhà àríwá kó lọ sí gúúsù. Àwọn mìíràn fi Kaduna sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tí wọ́n bí ní Sabon Tasha lẹ́yìn ìgbà náà lè dàgbà láì jókòó rí nídìí ìyá Hausa tó ń ta túwó, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àjọjẹ tó ń kọ́ni ní ọbẹ̀ ti dín kù gan-an. Ìyẹn ló jẹ́ kí "oúnjẹ Hausa" máa dún bí èébú lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 2016 tó yẹ kó la ojú wa. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì, ó jẹ ẹ́ run, ìjọba Kaduna sì kéde ìdágìrì lórí ọ̀rọ̀ tòmátì ní oṣù Karùn-ún. Agbọ̀n tòmátì di ohun tí ènìyàn ń gbọ́ iye rẹ̀ kó tó jókòó. Ní Èkó, ìyà jẹ wọ́n. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó mọ kuka, ọrúnlá, gbẹ̀gìrì àti ìṣápá kò dààmú púpọ̀, nítorí kò sí tòmátì nínú ìkankan wọn.

Ó tó báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Mẹ́rin péré la fẹ́ sọ.

Èkíní, túwó ọkà bàbà. Ibi ẹ̀rọ ìlọta ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Hausa ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní surfe, ìyẹn bíbó èèpo ọkà kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Èèpo yẹn ni ó ní okun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú, tí kì í jẹ́ kí súgà sáré gòkè. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ pé kó má ṣe surfe, tàbí kó ṣe é díẹ̀. Ìyẹ̀fun yóò dúdú díẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣebí àmàlà dúdú jù ú lọ. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ gbé omi ife mẹ́rin kaná. Ẹ fi omi tútù po ìyẹ̀fun ìdajì ife, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, ẹ jẹ́ kó sè fún ìṣẹ́jú márùn-ún bí ògì. Ẹ wá máa da ìyẹ̀fun ife méjì sí i díẹ̀díẹ̀, kí orógùn má dúró. Tó bá ti le, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ dín iná kù fún ìṣẹ́jú méje, ẹ tún rò ó. Kì í ṣe oògùn o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, òkìtì kan tó bí ìkúùkù ọwọ́ tó o. Ẹni tó bá jẹ òkìtì mẹ́ta, kó má fi ẹjọ́ ọkà sùn.

Ọbẹ̀ rẹ̀ ni kuka, ìyẹn lúrú wa. Ẹ se ẹran tàbí ẹja gbígbẹ pẹ̀lú àlùbọ́sà, atalẹ̀ díẹ̀ àti ata gbígbẹ. Ẹ gún irú síbí ńlá méjì, ẹ dà á sí i, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Omi ẹran náà kó tó ife mẹ́rin. Ẹ wá fi ọwọ́ kan máa wọ́n kuka síbí ńlá mẹ́ta sí i, kí ọwọ́ kejì máa fi ìjábẹ̀ jà á, kó má bàa dì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti jinná. Epo síbí kan tó. Ajọ elétò ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju iyọ̀ gíráàmù márùn-ún lọ lójúmọ́, ìyẹn ò ju síbí tíì kan lọ, magí náà sì wà nínú ìṣirò yẹn. Irú tó pọ̀ ló máa jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn láì sí iyọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ra kuka, ẹ mú un díẹ̀ sẹ́nu. Tó bá ń dún láàárín eyín, iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìkejì, dambu. Ẹni tí kò bá fẹ́ òkèlè ló ni èyí. Ẹ ra àgbàdo tí wọ́n lọ̀ ní gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́, tàbí acha. Acha, ọkà kékeré tó dà bí iyanrìn ni, Plateau àti gúúsù Kaduna ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Ẹ ṣàn án dáadáa torí iyanrìn gidi máa ń wà nínú rẹ̀. Ife méjì, ẹ fi sínú ajọ̀ tó wà lórí ìkòkò omi gbígbóná, ẹ dé e kí ooru sè é fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ tú u sínú abọ́, ẹ po ewé zogale tútù ife méjì mọ́ ọn, àlùbọ́sà, ata, kárọ́ọ̀tì tí ẹ bá ní, ẹ̀pà tí ẹ gún ìdajì ife, òróró síbí ńlá méjì, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ dá a padà sórí ooru fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọmọ máa ń jẹ ẹ́ tí ẹ bá fi ẹ̀pà sí i dáadáa. Tí ẹ kò bá fi ẹ̀pà sí i, ẹ má bínú sí wọn.

Ìkẹta ni àwara. Wàrà tí Fúlàní ń fi ewé bọmubọmu dì ní Ìlọrin àti Ọ̀yọ́, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Àwara ni àbúrò rẹ̀ tí wọ́n fi sóyà ṣe. Ṣáínà ni sóyà ti wá. Àwọn òyìnbó ìjọba ló kọ́kọ́ gbìn ín wò nílẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Tiv ní Benue ló wá gbìn ín fún títà sókè òkun. IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lára àwọn tó kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi se oúnjẹ ilé láti àwọn ọdún 1980. Ẹ ò rí nǹkan: láti Ṣáínà dé ìdí igbá ọmọdébìnrin Hausa tó ń kiri àwara ní ẹnu ọ̀nà yín.

Ẹ rẹ sóyà ife mẹ́rin sómi mọ́jú, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi aṣọ jọ̀ ọ́. Ẹ gbé wàrà rẹ̀ kaná, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ torí ó máa ń ru dànù. Tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da omi kíkan orí ògì sí i díẹ̀díẹ̀ tàbí omi àjàgbọn, yóò dì. Ẹ dà á sínú aṣọ mọ́, ẹ so ó, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e fún wákàtí kan. Ẹ gé e. Gbogbo ayé ló ń dín in, àwa ò ní kí ẹ má dín díẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ láì dín: ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ ata bí ẹran. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbígbẹ sóyà ló jẹ́ amáradàgbà, ẹ̀wà lásán kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kílò ẹran màlúù ti di ohun tí a ń fi ojú wò, ó yẹ kí ìyẹn já mọ́ nǹkan létí wa.

Ìkẹrin, zobo, ìyẹn ìṣápá pupa. Zobo tí wọ́n ń tà nínú ike lẹ́bàá ọ̀nà, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìṣápá lọ. Ti ilé ni ká máa sè. Ìṣápá gbígbẹ ife kan, ẹ ṣàn án, ẹ sè é nínú omi lítà méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹ gún, kànáfùrù márùn-ún àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lọ èso dàbínù mẹ́wàá mọ́ ọn dípò ṣúgà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde: ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ ni wọ́n lò, àwọn kan nínú wọn ń mu omi ìṣápá ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ àwọn wọ̀nyí sì wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Ìyẹn kò sọ pé kí Màmá ju oògùn rẹ̀ nù o. Bí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè, torí méjèèjì lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Nípa atalẹ̀, gúúsù Kaduna tiwa yìí ló ń gbin èyí tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àrùn kan jẹ oko wọn run ní 2023, láti ìgbà náà ni iye rẹ̀ kò ti jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ fi díẹ̀ sí i.

Ẹni tí kò ráyè sè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni kì í délé títí ilẹ̀ á fi ṣú. A kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ kankan níbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n fún wa ní ẹran ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n a lè sọ bí a ṣe ń mọ ibi tó dára ní Doka àti ní àyíká ọjà ńlá, títí lọ sí Ahmadu Bello Way.

Ní àárọ̀, ẹ wá ẹni tó ń ta kunu tsamiya tàbí kókó gbígbóná pẹ̀lú kosai, ìyẹn ògì jéró àti àkàrà. Ẹ ní kó bu kókó fún yín láì fi ṣúgà sí i kó tó fi ṣíbí rẹ̀ bọ inú ike. Masa náà dára, ìrẹsì tí wọ́n rẹ tó kan díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òróró inú àwo rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Nídìí búkà àwọn ìyá wa, ẹ béèrè ewédú àti gbẹ̀gìrì kí ẹ tó béèrè ọbẹ̀ ata, kí àmàlà jẹ́ ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí ẹja rọ́pò ìfun àti ṣàkì. Ìyá olóúnjẹ tó bá bínú nítorí pé ẹ ra àmàlà ẹyọ kan, ẹ máa pè é ní Màmá títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Tó bá kan ẹran sísun, balangu ló sàn ju sùyà lọ fún ẹni tó ń sá fún iyọ̀, torí wọn kì í da yàjì bò ó. Ẹ kàn sọ fún onísùyà náà pé, "Don Allah, babu magi." Yóò yé e. Fura pẹ̀lú nono tó kan, láì fi ṣúgà sí i, jéró àti wàrà ni, oúnjẹ ọ̀sán gidi ni fún àgbàlagbà.

Túwó ńkọ́? Ibi tí bẹ́ńṣì rẹ̀ jẹ́ igi, tí àwọn awakọ̀ àti alábàárù ti ń jẹun, ni kí ẹ lọ. Ẹ má jókòó síbi tí kò sí èrò. Ẹ béèrè túwó dawa, kì í ṣe ti shinkafa, ẹ ní kí ó fi kuka sí i, kí ó bu man shanu sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó dà á sórí. Tí àwọn ọmọ bá wà pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tí ẹ ń fi Hausa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé lúrú ni wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ tètè dé o. Lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, kuka á ti tán, miyan taushe elélégédé nìkan ló máa kù.